Ẹ bá wa sọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà fáwa òbí ọmọ tó ní ìpèníjà

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ọ̀rọ̀ àwa tá a bí ọmọ tó ní ìpèníjà ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, torí tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ wa, fọ́tò ọmọ ni wọ́n máa gbé síwájú, wọ́n á ní káwọn èèyàn dákun ṣàánú, ó parí. Mi ò ní kí wọ́n má ṣàánú wa o. Àmọ́ ohun tó ń dá wa lágara jù ni pé a kì í mọ ibi tó kàn. Ìrànlọ́wọ́ wà, ó kàn fọ́n káàkiri ni, kò sì sẹ́ni tó ń júwe ẹ̀ fún èèyàn.

Ọmọ mi obìnrin ní cerebral palsy. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ọpọlọ ọmọ ló máa ń fara pa, ó lè jẹ́ nínú oyún, ó lè jẹ́ lásìkò ìbí tàbí nígbà tí ọmọ ṣì kéré gan-an, ara ẹ̀ á wá le gbagidi tàbí kó rọ̀ jù, ìjókòó, ìrìn, ọ̀rọ̀ sísọ, oúnjẹ jíjẹ, gbogbo ẹ̀ ló lè di ìṣòro. Kì í ràn èèyàn. Ibi tó fara pa nínú ọpọlọ yẹn kì í sì í fẹ̀ sí i, àmọ́ tí wọn ò bá tètè bẹ̀rẹ̀ físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń na iṣan àti oríkèé, iṣan á máa sún kì, oríkèé á le, egungun ìbàdí pàápàá lè yẹ̀. Dókítà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wa ní sùúrù, ó ṣàlàyé dáadáa, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ọjọ́ tá a máa padà wá nìkan ló kọ sórí káàdì. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ lọ rí lágbájá fún ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí ẹ̀ wò torí ìyẹn náà sábà máa ń bá a rìn, ẹ lọ rí tàmẹ̀dù nítorí oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ yẹn. Tọ́mọ mi bá ti mu omi, ikọ́ ni, omi á lé ròrò sí i lójú, oúnjẹ á sì pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ títí, òtútù àyà ò sì yéé ṣe é, tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ lónìí ó tún ń bọ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kọ oògùn fún wa. Ìyá kan tá a jọ jókòó níbi tá a ti ń dúró de dókítà ló sọ pé kí n gbé e lọ bá speech therapist, ìyẹn ẹni tó ń ran àwọn tó níṣòro ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́. Ó yà mí lẹ́nu, ó ní ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣebí ẹnu àti ahọ́n àti ọ̀fun tá a fi ń sọ̀rọ̀ la fi ń gbé oúnjẹ mì, àwọn ló ń rí sí i. Bí obìnrin tẹ́rápísítì yẹn ṣe yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, ó ní omi tó ń mu ló ń gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó kọ́ wa bá a ṣe máa gbé e jókòó kó nàró, kí orí ẹ̀ má dà sẹ́yìn, kẹ́sẹ̀ ẹ̀ rí nǹkan tẹ̀, síbí kékeré ni ká máa lò, ká dúró kó gbé tẹnu ẹ̀ mì pátápátá ká tó fi òmíì sí i, ká má sì tíì tẹ́ ẹ sílẹ̀ tó bá jẹun tán. Ó tún kọ́ wa bá a ṣe máa jẹ́ kí omi ẹ̀ ki díẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn ṣe ti omi yẹn láìrí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní bí tiẹ̀ ṣe rí.) Òtútù àyà yẹn dín kù gan-an. Obìnrin yìí sì rèé, inú ọsibítù kan náà tá à ń lọ ló wà, ó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ibi tá a ti ń gba oògùn!

Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn. Báwo ló ṣe jẹ́ pé òbí ẹlẹgbẹ́ mi ló máa sọ fún mi?

Kì í sì í ṣe ti cerebral palsy nìkan. Bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní Down syndrome (ìpèníjà kan tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ, tó ń jẹ́ kí ìdàgbàsókè ẹ̀ falẹ̀) ni wọ́n máa ń bí pẹ̀lú àléébù nínú ọkàn, ó yẹ kí wọ́n yẹ ọkàn wọn wò láti ìkókó, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́dọọdún nítorí thyroid, ìyẹn ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn tó ń ran ìdàgbàsókè lọ́wọ́, kódà tára wọn bá dá. Ti etí náà ńkọ́, ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù 1, tó bá ní nǹkan ńbẹ̀ kí wọ́n mọ ohun tó jẹ́ gan-an kó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Òbí mélòó ló mọ̀? Tó o bá lọ béèrè, wọ́n á ní kó o ní sùúrù, ọmọ míì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ọdún á wá máa gorí ọdún.

Ẹ̀tọ́ wa nìyí o. Àdéhùn àjọ UN lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 1989, abala 23, sọ pé kí ìrànlọ́wọ́ fáwọn ọmọ yìí jẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Àdéhùn ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, abala 25, ní kí wọ́n tètè mọ ohun tó ń ṣe ọmọ, kí ìtọ́jú sì wà nítòsí ibi táwọn èèyàn ń gbé, títí dé ìgbèríko. Àjọ WHO tó ń rí sí ìlera lágbàáyé náà ní ẹ̀kọ́ kan fún òbí tọ́mọ wọn wà láàárín ọdún 2 sí 9 tí ìdàgbàsókè wọn ń fà sẹ́yìn, ìpàdé 9 ni pẹ̀lú àbẹ̀wò 3 sílé, kò sì dandan kó jẹ́ dókítà ló máa kọ́ni, nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ tí wọ́n bá ti dá lẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é.

Torí náà mò ń bẹ àwọn aláṣẹ ọsibítù, ẹ yan ẹnì kan péré, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó máa jókòó ti òbí lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ àìsàn ọmọ wọn, tó máa kọ ibi tó kàn sílẹ̀ fún wọn, tó sì máa bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà bóyá wọ́n débẹ̀. Ẹ bi ìyá pàápàá bóyá ó ń rí oorun sùn. Ẹ̀yìn ń ro wá látàrí gbígbé ọmọ tó ti ń dàgbà, ọkàn ọ̀pọ̀ wa sì ti rẹ̀wẹ̀sì tá ò sọ fẹ́nì kankan.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ àìsàn ọmọ yín síbẹ̀, oògùn àti ìwọ̀n ẹ̀, èyí tára ẹ̀ kì í gbà, tó bá ní gìrì ẹ kọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó, torí gìrì tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù ní kíákíá. Ẹ kọ bó ṣe ń ṣe tí nǹkan bá ń dùn ún. Tèmi kì í ké, ńṣe ló máa dákẹ́ lọ gbári, táá tẹjú mọ́ ibì kan, dókítà tí ò mọ̀ ọ́n rí á rò pé ara ẹ̀ ti balẹ̀ ni.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni ààyè díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ máa kọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe físíò fọ́mọdé, ibi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí, iye tí wọ́n ń gbà tàbí bóyá ọ̀fẹ́ ni, àti ẹgbẹ́ òbí tó wà níbẹ̀. Àwa òbí mélòó kan ti ṣe tán láti bá yín kó wọn jọ, ká pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ká rí i pé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, torí kò rọrùn kéèyàn pọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti tì pa látọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ kàn sọ ọjọ́ tá a lè wá rí yín.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọlọ́mọ kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín