Ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí iye ìtọ́kasí

Olóòtú,

Tí ẹ bá ń kọ̀ròyìn nípa onímọ̀ ìròyìn àti òṣèlú, ẹ kì í pẹ́ sọ iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ibi tí ẹ ti rí i. Google Scholar, ẹ̀rọ ìṣàwárí iṣẹ́ ìmọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń ka ìtọ́kasí inú ìwé, orí inú ìwé àti iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀) ni Scopus àti Web of Science, àkójọ ìtọ́kasí méjì mìíràn, gbájú mọ́ jù. Ìwé odindi sì wọ́pọ̀ gan-an nínú ẹ̀ka yìí, ìdí nìyẹn tí iye ti Google Scholar àti ti àwọn méjì yìí fi máa ń jìnnà síra.

H-index tí Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, gbé kalẹ̀ ní 2005 náà ní àléébù tó burú. Iye iṣẹ́ tó pọ̀ jù tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kéré tán, ní iye ìgbà kan náà ló ń sọ: h-index 3 túmọ̀ sí pé iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ti tọ́ka sí nígbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní onímọ̀ kan ní iṣẹ́ 20, tí wọ́n tọ́ka sí ọ̀kan nígbà 900, tí wọ́n sì tọ́ka sí ìyókù nígbà mẹ́ta-mẹ́ta. 3 péré ni h-index rẹ̀! Iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń kà yẹn kò fi nǹkan kan kún un ju èyí tó kéré jù lọ.

Ẹ yẹ orúkọ wò pẹ̀lú: iṣẹ́ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà a máa dàpọ̀. Nọ́ńbà ORCID, tí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gba tirẹ̀, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ẹ sì yọ ìtọ́kasí tí onímọ̀ ṣe sí iṣẹ́ ara rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fi í wé ẹlòmíràn.

Òǹkàwé yín