Ooru ni kámẹ́rà alábátìrì ń mọ̀, kì í ṣe olè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Kámẹ́rà aláìlówáyà tó máa ń jí bí ènìyàn bá kọjá níwájú rẹ̀ ti pọ̀ nílé báyìí, pàápàá nílé àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní London tàbí Houston, tí ọmọ náà sì fẹ́ máa fi fóònù wo géètì bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn. Ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ń rò nípa rẹ̀ kò ju méjì lọ: ó ń dún láìsí ẹnikẹ́ni, tàbí kẹ̀, ènìyàn kọjá, kò dún. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Lójú tiwa, ibi tí wọ́n gbé e kọ́ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, nítorí àwọn tó ń tà á kì í sọ ohun tó ń rí fún oníbàárà.

Kámẹ́rà tó ń lo bátìrì kì í la ojú sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kíá ni bátìrì rẹ̀ á tán. Ó ń sùn ni. Ohun tó wà lójúfò ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PIR, èyí tí ẹ ó rí bí ike funfun roboto nítòsí ojú kámẹ́rà. Ooru ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń mọ̀. Wọ́n pín iwájú rẹ̀ sí ìlà-ìlà bí abẹ̀bẹ̀. Bí ohun tó gbóná bá kúrò nínú ìlà kan bọ́ sí òmíràn, á jí kámẹ́rà. Ẹni tó bá gba iwájú rẹ̀ kọjá láti ọ̀tún sí òsì, á tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá bá a tààrà, inú ìlà kan náà ló ń rìn, ó sì lè dé ìdí rẹ̀ kó tó dún. Nítorí náà, ẹ má kọjú rẹ̀ sí géètì gan-an. Ẹ gbé e sí ògiri ẹ̀gbẹ́, níbi tí yóò ti máa wo ọ̀nà tó wà láàrin géètì àti ilẹ̀kùn ní ìbú. Ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8 sókè ti tó, kí ẹ sì tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀. Ẹni tó bá gbé e lọ sí abẹ́ òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí olè má baà já a, fìlà olè nìkan ni yóò rí fi han ọlọ́pàá.

Ìyàtọ̀ ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé lórí. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, bí oòrùn ọ̀sán bá yan ògiri àti ilẹ̀ títí wọ́n fi gbóná tó awọ ara ènìyàn, sẹ́ńsọ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó ń kọjá àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kámẹ́rà tó já fáfá lóru lè yadi ní agogo méjì ọ̀sán. Ibi tí òjìji bá ń bò ló yẹ kó máa wò. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kó kọjú sí èéfín jẹnẹrétọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù tó ń tú ooru síta, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti yá oòrùn tó wá ń mì, tàbí títì tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Ti alángbá, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a lè bẹ̀ ẹ́.

Ó tún ní èyí táwọn ènìyàn ń ṣe: wọ́n á gbé e sínú pálọ̀ kó máa wo ìta láti inú gíláàsì fèrèsé. Gíláàsì kì í jẹ́ kí irú ooru yìí kọjá. Àwòrán á mọ́ bí ẹ bá fi fóònù ṣí i, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níta kò lè jí i. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, iná tí ojú kò rí, tí kámẹ́rà fi ń ríran lóru, á ta padà lára gíláàsì, gbogbo rẹ̀ á funfun gbòò. Ògiri funfun tó bá sún mọ́ ọn jù máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, òwú aláǹtakùn pẹ̀lú. Ẹ máa fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ojú rẹ̀ lóṣooṣù.

Kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan sára ògiri, ẹ fi téèpù lẹ kámẹ́rà síbẹ̀ ná. Kí ẹnì kan máa gba iwájú rẹ̀ kọjá ní mítà 3, 6 àti 8, lọ́sàn-án gangan, kó sì tún un ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà tí ooru bá ti jí i, ó lè tó ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ nìkan ni ẹ rí, ẹ yí i sí apá ibi tí ẹni náà yóò ti pẹ́ díẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ wo inú áàpù pẹ̀lú: púpọ̀ nínú kámẹ́rà wọ̀nyí máa ń sinmi lẹ́yìn fídíò kọ̀ọ̀kan kí bátìrì lè pẹ́. Nínú ìsinmi yẹn ni olè kejì ń wọlé. Ẹ dín in kù sí ìwọ̀n tó kéré jù tí ó bá gbà.

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yìí kò mọ̀ ju Wi-Fi 2.4GHz lọ. Bí ráútà bá ń lo 2.4 àti 5 pẹ̀lú orúkọ kan ṣoṣo, kámẹ́rà lè kọ̀ láti wọlé nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Ẹ ya orúkọ wọn sọ́tọ̀, kí fóònù náà sì wà lórí 2.4. MiFi, ráútà kékeré alágbèéká tó ń lo síìmù, máa ń sùn tí kò bá rí ẹni lò ó, ẹ pa ìsùn náà. Bí iná bá lọ, ráútà á kú, kámẹ́rà á jí, kò sì ní rí ẹni rán níṣẹ́. UPS kékeré, ìyẹn bátìrì tó ń gbé ráútà ró bí iná bá lọ, ló ń tán ìyẹn. Ẹ ka ẹ̀yìn ráútà kí ẹ tó ra UPS náà: 12V wà, 9V àti 5V náà wà, èyí tó bá sì ga jù á sun ún.

Ti dátà kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Fídíò tó ń gba 1Mbps ń jẹ 7.5MB ní ìṣẹ́jú kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11GB bí kò bá dákẹ́ fún odindi ọjọ́. Ṣùgbọ́n fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 15 jẹ́ nǹkan bí 2MB. Bó bá dún ní ìgbà 40 lójúmọ́, 2.4GB ni lóṣù. Wíwò tí àwọn ọmọ ń wò ó láti òkè òkun ní gbogbo ìgbà ló ń run dátà bàbá.

Sólà rẹ̀, gúúsù ni kí ẹ kọjú rẹ̀ sí nílẹ̀ wa, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ní àkókò ọyẹ́, ẹ máa nu eruku kúrò lórí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tó bá kámẹ́rà wá láti ilé iṣẹ́. Ní ọdún 2016, irú ọ̀rọ̀ aṣínà bẹ́ẹ̀ ni Mirai, kòkòrò aṣebi orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, fi gba kámẹ́rà àti ráútà tó pọ̀ rẹpẹtẹ káàkiri ayé. Ọmọ tó wà lókè òkun kó má fi ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Áàpù ní ibi tí a ti ń pín in fún ẹlòmíràn. Kó sì wo aago kámẹ́rà náà. Bó bá fi aago London sí i, láti ìparí oṣù kẹwàá dé ìparí oṣù kẹta, wákàtí kan ni yóò fi rẹ̀yìn, àkókò tí olè wọlé kò sì ní bá ti ẹlẹ́rìí mu.

Ilé aládùúgbò ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, adájọ́ kan ní kóòtù Oxford dá onílé kan lẹ́bi nítorí kámẹ́rà tó ń gba ohùn aládùúgbò rẹ̀. Ó ní ti ohùn tilẹ̀ burú ju ti àwòrán lọ. Níbí, abala 37 nínú Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ilé oníkálùkù. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ sì fi áàpù kun fèrèsé aládùúgbò dúdú nínú àwòrán, bí kámẹ́rà yín bá lè ṣe é.

Mẹ́mọ́rì káàdì tó bá kún máa ń pa fídíò àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì já kámẹ́rà ti gbé káàdì lọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Àwa tí ń so kámẹ́rà sílé,
Ìbàdàn.