Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó bi mí pé níbo ni pásítọ̀ wa wà

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú ilé àti ti àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé oṣù mẹ́jọ ti pọ̀ jù láti fi dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, inú ló bí mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni.

Ibùdókọ̀ Zuba lẹ ti bi mí, ẹsẹ̀ yín kan ti wà nínú mọ́tò. Ẹ ní, "Àbúrò, ìjọ tí kò ní pásítọ̀, ṣé ìjọ nìyẹn?" Awakọ̀ ń pariwo pé ó ku ẹnì kan, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn. Èmi wá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí okùn ṣòkòtò rẹ̀ já láàárín ọjà.

Mo mọ ohun tí ẹ rí ní ìjọ Presbyterian wa ní Sọ́ńdè yẹn. Ẹ rí kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi kan lẹ́yìn Kubwa ní Abuja, àwòrán ápù àti bọ́ọ̀lù lára ògiri, fáànù kan tó ń yí bíi pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ rí nǹkan bí ogójì èèyàn. Ẹ rí màmá kan tó dìde, tó ka Bíbélì, tó wàásù, tó tún gbàdúrà sórí ọrẹ, torí pé ìjọ kejì ni àlùfáà wa wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dá orin Efik kan, ẹ wá wojú mi bóyá mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n. "Abasi sosongo", Ọlọ́run o ṣé. Ibẹ̀ náà ni èdè Efik tèmi parí sí.

Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe alàgbà ní ìjọ ECWA láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ yé. Presbyterian tí ẹ ń pè ní "ìjọ Kálábá" yẹn, inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí àgbà ni wọ́n ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Ìjọ alàgbà ni. Alàgbà wá ń bú ìjọ alàgbà! (Ìyàwó mi ní kí n yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Mo ti gbọ́ tirẹ̀, mi ò yọ ọ́.)

Àlùfáà kan ló ń bójú tó ìjọ mẹ́ta ní ọ̀dọ̀ wa. Ó ní ìwé ètò tó ń sọ Sọ́ńdè tó máa wà níbí àti èyí tó máa wà lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ tí kò bá sí, àwọn alàgbà tí ìjọ fúnra rẹ̀ yàn ló ń darí ìsìn. Àwọn náà ni wọ́n ń jókòó nínú ìpàdé tí à ń pè ní Session, tí àlùfáà ń ṣe alága rẹ̀, àmọ́ tí kò lè dá pàṣẹ níbẹ̀. Presbytery wà lókè Session, Synod wà lókè ìyẹn, General Assembly ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Ètò yẹn máa ń falẹ̀, kí n má tàn yín. Láti ra jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, ìpàdé mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àlùfáà kan ò lè jí láàárọ̀ kùtù kó ní Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ lóru pé kí a ta ilẹ̀ ìjọ. Ẹ̀yin náà mọ ìjọ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ti obìnrin tó wàásù, láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń fi obìnrin joyè àlùfáà nínú ìjọ yìí, ká má tíì wá sọ alàgbà.

Òótọ́ ni pé Kálábá ló ti bẹ̀rẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 1846. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ibi tó ti wọ Kálábá. Jamaica ni. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, tí ọdún mẹ́wàá ò tíì pé tí wọ́n gba òmìnira, àwọn ló wà lára àwọn tó dáwó pé kí wọ́n gbé ìyìn rere padà lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti kó bàbá wọn. Hope Waddell, òyìnbó ará Ireland, ló ṣáájú wọn wá. Mo máa ń rò ó nígbà tí wọ́n bá ń gba ọrẹ: kí èèyàn jáde lẹ́rú lónìí, kó sì fi kọ́bọ̀ tó kọ́kọ́ rí ránṣẹ́ sílé fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Titcombe, ajíhìnrere tó fi ìpìlẹ̀ ìjọ yín lélẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Òyìnbó Ẹ̀gbẹ̀, òun náà kò bá ilé ìjọsìn kankan nílùú wa nígbà tó dé ní 1908. Kò sẹ́ni tó bi í pé níbo ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà.

Ó tó báyìí. Ọ̀rọ̀ àga ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àga rọ́bà funfun. Tiwa ní ọ̀dà búlúù lábẹ́. Ti ìjọ ńlá tó wà nínú ìgboro ní ọ̀dà pupa. Ìjọ kẹta ò ra ọ̀dà, irin gbígbóná ni wọ́n fi kọ lẹ́tà sí tiwọn, bí àwọn Fúlàní ṣe ń sàmì sí màlúù. Bí ìgbéyàwó bá wà lọ́dọ̀ wa, àga pupa á bá wa jókòó. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkórè lọ́hùn-ún, búlúù á lọ. Ìsọmọlórúkọ, òkú, ìrántí, kò sí èyí tí àga ò rìn dé. Ọdún méje lẹ́yìn tí mo darapọ̀ mọ́ wọn, kò sẹ́ni tó tún lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tí òun jókòó lé, ti ìjọ òun ni. Session wá yan ìgbìmọ̀ àga (ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi ni akọ̀wé) pé kí a ka gbogbo rẹ̀, kí oníkálukú gba tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kà á. Àga mọ́kànlá ni kò ní àmì ìjọ kankan lára wa. Méjì nínú wọn, ti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé ni, wọ́n yá wa nígbà ìkórè, a gbàgbé. Nígbà tí a kó wọn padà, ìmáàmù ní kí a mú wọn lọ, àga tiwa mẹ́rin wà lọ́dọ̀ wọn.

Bí a ṣe ń yá ara wa ní àga náà la fi bẹ̀rẹ̀ sí í yá ara wa ní èèyàn.

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, àwọn ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pinnu láti lọ yẹ àwọn èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní abúlé Gbagyi kan tí kò jìnnà sí wa: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ojú. Ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ bánà ni. Orúkọ ìjọ wo ló máa ṣáájú? Ìpàdé kejì, bánà. Àwọn tó dáwó jù ní àwọn ló yẹ kó wà lókè. Àwọn tó pẹ́ jù ní àwọn ló dàgbà. Mo jókòó sí igun, mo ń rántí ohun tí àlùfáà sọ fún wa nígbà kan nípa ọdún 1965. Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ti fẹ́ di ìjọ kan ṣoṣo ní Nàìjíríà, wọ́n ti mú ọjọ́, 11 oṣù Kejìlá. Ó ku bíńtín kí ọjọ́ pé, ọ̀rọ̀ fọ́. Ká ní ó bọ́ sí i ni, bóyá ẹ̀yin àti èmi ò ní máa jiyàn lónìí. Àbí a ó ṣì máa jà nípa bánà.

Màmá tó wàásù lójú yín yẹn ló parí ìjà wa. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó bèèrè iye owó bánà, wọ́n sọ. Ó bèèrè iye páálí strip tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, nọ́ọ̀sì kan sọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ra strip." Bẹ́ẹ̀ la ò ṣe bánà. Kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán: ìpinnu yẹn náà ní ìyà tirẹ̀. Ní aago mẹ́sàn-án Sátidé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a wà. A jókòó sábẹ́ kánópì bí ẹni tí àlejò rẹ̀ já kulẹ̀. Mai anguwa, baálẹ̀ ibẹ̀, ló ṣàánú wa, ó rán ọmọkùnrin kan lórí àchábà kó lọ kígbe káàkiri. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá, ìlà ti gùn dé ìdí igi dòńgóyárò, strip sì ti ń tán lọ.

Èmi ló ń kọ orúkọ. Hausa mi ò ju "Yaya sunanki", kí lorúkọ rẹ, lọ, ìyókù ojú àti ọwọ́ la fi ń sọ. Nígbà tí èrò fúyẹ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n na apá mi kí òun wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo na apá bí ẹni ń ṣeré. Ó wò ó, ó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. 168 lórí 104. Èmi tí mo lọ ṣàánú ẹlòmíì! Mo ti ń lo oògùn láti ìgbà náà. Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọn tiyín. Rọpárọsẹ̀ tó mú bàbá wa kò dédé wọlé.

Obìnrin kan wá lẹ́yìn mi, ìdì igi ìdáná lé èjìká rẹ̀, bí obìnrin Gbagyi ṣe ń ru ẹrù. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Tirẹ̀ lé ní 210, òun sì fẹsẹ̀ rẹ̀ rìn wá. Níbi tí ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ti ń kú rèé. A ó fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ kan, a ó gbàdúrà, a ó ká kánópì, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìjọ ńlá ní owó, wọ́n ní dókítà, ṣùgbọ́n láti ọ̀dọ̀ wọn dé abúlé yẹn, wákàtí kan ni bí ọ̀nà bá dára. Alàgbà kan nínú ìjọ kẹta ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Àwa ogójì èèyàn inú kíláàsì yìí ò ní nǹkan kan, àfi pé ìtòsí rẹ̀ là ń gbé. Àwọn kan wá ń san owó, ẹnì kan ń fún wa lóògùn ní iye tó rà á, èèyàn méjì lára wa sì ń gbé ẹ̀rọ lọ bá a ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo wà lára àwọn tó ń lọ. A ti jẹ iṣu sísun níbẹ̀ títí. Ó ti wálẹ̀ sí 150 nígbà tí a wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn.

Kò darapọ̀ mọ́ wa o. Mo bi í lọ́jọ́ kan, nípasẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ tó ń lọ. ECWA ni. Ọmọ ìjọ yín là ń gun àchábà lọ wò ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa 2020, ẹ ti gbọ́ apá kan rẹ̀. Wọ́n ti ti Abuja pa nítorí àrùn Kòrónà láti alẹ́ 30 oṣù Kẹta. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, mi ò ní mọ́tò, kò sí kéké lójú títì. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ alàgbà ní ìjọ kẹta ló wa mọ́tò wá, tó ń na káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. A ò tíì jọ sọ̀rọ̀ rí ju "Ẹ kú ìjọsìn" lọ. Ọmọ tí ẹ ń pè ní Kòró, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ́ sí.

Ó ku ohun kan. Nígbà tí a sin màmá wa ní 2022, bọ́ọ̀sì kan dé láti Abuja ní ọjọ́ ìsìnkú, ẹ sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Ta ni àwọn wọ̀nyí?" Mo ní ará ìjọ wa ni, ẹ ti kọjú sí ẹlòmíì kí n tó sọ ọ́ tán. Láti inú ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti wá. Wọ́n gba Lokoja, wọ́n gba Kabba, wọ́n gba Mopa àti Isanlu, lójú ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín ti ní kí n má gbà láìnídìí. Torí pé àwọn àgbà wà láàárín wọn, wọ́n di àga mélòó kan sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé iyán fún màmá kan tó jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, ẹ ní kó jẹun dáadáa, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Òun náà ló wàásù lójú yín ní oṣù Kejì. Ó mọ̀ yín ní ojú ẹsẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún yín.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n gbàgbé àga méjì. Àwọn ni méjì funfun tó wà ní fàráǹdà yín, èyí tí ẹ máa ń jókòó lé ka ìwé ìròyìn àti èyí tí ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ yí wọn sódì, ẹ ó rí ọ̀dà búlúù.

Bí ẹ bá ń bọ̀ fún ìgbéyàwó ní oṣù Kejìlá, ẹ bá mi gbé wọn bọ̀. Ìgbìmọ̀ àga ṣì ń wá wọn.

Àbúrò yín,
Kubwa