Sípíkà mi ò bàjẹ́, wọ́n kàn ní kó dákẹ́ ni

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti bí oṣù mélòó kan, mo sì rò ó pé tí mi ò bá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, àwọn èèyàn á ṣì máa náwó sórí ohun tí ò bàjẹ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Arákàlẹ̀ níbí l'Àkúrẹ́, èyí tó sì ń mówó wọlé fún mi jù ni ìwàásù tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì gbà sílẹ̀, màá gbọ́ ọ, màá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lọ fi ṣe ìwé pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá mọ Arákàlẹ̀ mọ̀ pé kò sí béèyàn ṣe lè gbọ́ pásítọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín ariwo ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ tí ò bá fi headset sétí. Àmọ́ tí oníbàárà bá dé tó fẹ́ gbọ́ ibi tí mo bá a dé, sípíkà ló yẹ kó ti gbọ́ ọ, mi ò lè máa gbé ohun tó wà létí mi fún gbogbo ayé. Lójúmọ́, ó lè tó ìgbà mẹ́wàá tí màá yí i síbí yí i sọ́hùn-ún.

Bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé màá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, màá tọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, màá fa wáyà sípíkà yọ nínú ihò aláwọ̀ ewé, màá wá ki ti headset bọ̀ ọ́. Wáyà wo ló máa fara da irú ìyẹn? Kò pé ọdún kan tí ti headset fi já nínú, etí kan ń gbọ́, ìkejì dákẹ́. Ni mo bá lọ ra èyí tó ń lo USB, ihò pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki fláàṣì bọ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa o, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni sípíkà yadi. Iná ara ẹ̀ ń tàn, mo yí fólúùmù ẹ̀ títí, kò fọhùn.

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà tòun ti headset lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún un ṣe. Kò wò ó pẹ́ tó fi ní ibi tó ń gbé ohùn jáde nínú bọ́ọ̀dù ti jó, pé àfi ká pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. ₦45,000 ni mo san, owó iléèwé ọmọ wà nínú ẹ̀. Nígbà tí mo lọ gbà á, sípíkà sọ̀rọ̀ lójú mi, inú mi dùn, mo délé, mo ki headset bọ̀ ọ́, ni sípíkà bá tún yadi.

Ọmọ FUTA, yunifásítì tó wà l'Àkúrẹ́ níbí, kan tó wá tẹ project ẹ̀ ló rí bí mo ṣe fajú ro. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ n wò ó." Ó tẹ àwòrán sípíkà kékeré tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ó tẹ ọfà tó wà níbẹ̀, orúkọ méjì jáde, ti sípíkà àti ti headset. Ó mú ti sípíkà, ohùn pásítọ̀ sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo jókòó, mo ń wo bọ́ọ̀dù tuntun tí mo fowó rà.

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyí, ó sì yé mi yékéyéké. Headset tó ń lo USB ní ẹ̀rọ ohùn tiẹ̀ nínú, lójú kọ̀ǹpútà ó ti di ẹni ọ̀tọ̀, tí wọ́n bá sì ti kì í bọ̀ ọ́, Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sábà máa ń gbé gbogbo ohùn fún un, á ní kí sípíkà sinmi. Ẹni tó bá ń lo Windows 11 lè tẹ bọ́tìnnì Windows, Ctrl àti V pa pọ̀ lórí kíbọọ̀dù, orúkọ wọn á jáde, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Èyí tó wá tù mí lára jù ni pé àtọdún 2018 ni Windows 10 ti lè pín ohùn fún àwọn app lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wà ní Settings lábẹ́ Sound, ní Windows 11 Volume mixer ni wọ́n ń pè é. Ní báyìí, app tí mo fi ń gbọ́ ìwàásù ń sọ̀rọ̀ sí mi létí, ìyókù wà lórí sípíkà, mi ò bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì mọ́. Zoom tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ní tiẹ̀ lọ́tọ̀ o, ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì lẹ máa tẹ̀, torí ẹ̀ lẹ ṣe lè yí ti Windows kí Zoom má yí.

Mo dárúkọ Zoom torí bàbá ọkọ mi ní Oǹdó. Nípàdé ẹbí, gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló máa ń gbọ́ ohùn ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá nìkan ni kì í gbọ́ tiwọn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ń bá wa bínú pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa ni ò dáa. Sípíkà wọn ló ń sọ̀rọ̀ sínú máìkì wọn, tó ń padà sọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ tí a yí i sí headset ni ìpàdé tòrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ méjì yẹn kẹ́ ẹ tó fa screwdriver yọ, kẹ́ ẹ sì dán an wò pẹ̀lú gbogbo ohun tí oníbàárà gbé wá. Ẹ̀yin olóòtú náà, ojú ewé yín tó wà fún ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, fóònù tuntun ló ń kún un ṣáá. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ fún irú nǹkan báyìí lédè Yorùbá, èyí tí ìyá àti bàbá wa lè gé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Tẹ́ ẹ bá gbà, màá kọ ti Bluetooth ránṣẹ́, ìyẹn náà ní wàhálà tiẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé ní Arákàlẹ̀, Àkúrẹ́