Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Libreville

Kétu, ọjọ́ 14, oṣù kìíní

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà lọ́hùn-ún? Ọyẹ́ ti là wá létè tán níbí. Ìyá rẹ le koko, owó tó o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ wọn. Àbúrò mi bímọ, obìnrin ni.

Ọ̀rọ̀ Àkànní ló gbé mi kọ̀wé. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń ṣẹ́jú pẹ́pẹ́pẹ́, bí ẹni tí yanrìn kó sí lójú. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Bàbá ẹ̀ ní ìwàkiwà ni, ó fẹ́ fi ìgbájú wò ó sàn. Ìyá ọkọ mi ní kí n ronú ẹni tí mo bá jà lọ́jà. Ta ni mi ò tíì bá jà?

Dókítà yẹ ojú ẹ̀ wò títí: ó ń ríran kedere, kò pọ́n, kò yún un. Ó wá ní, “Tó bá sùn ńkọ́?” Mi ò ṣọ́ ọ rí. Lóru ọjọ́ náà mo gbé àtùpà jókòó tì í. Ìpéǹpéjú ẹ̀ ò mì rárá, Àbẹ̀kẹ́. Tó bá ń ya mọ́tò sínú ìwé náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é. Ṣùgbọ́n kí n sáà ti ní “Dáwọ́ ẹ̀ dúró!”, á mú un mọ́ra díẹ̀, lẹ́yìn náà á tú jáde ní ìlọ́po méjì.

“Tic” ni dókítà pè é. Ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú, ó sì wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin ju obìnrin lọ. Ọmọ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ fúnra ẹ̀ kí ọdún tó yí po. Tó bá kọjá ọdún kan, tí ibòmíì lára ń fò, tí ọ̀fun náà ń dún, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Tourette, orúkọ dókítà Faransé kan tó kọ nípa ẹ̀ ní 1885. Látìgbà náà ni mo ti ń tẹ́tí sí ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lánàá, mi ò sùn.

Ó ní ká má bá a wí, ká ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ibẹ̀ ni mo ti rántí èjìká rẹ tó máa ń fò, àti pàṣán Mùsé, tíṣà wa, àti ẹni tó máa ń sín ọ jẹ nídìí kànga.

Àkànní ní òun nìkan ló ń ṣe báyìí láyé. Jọ̀ọ́, pè é lọ́jọ́ Ìsinmi, kó o sọ ti èjìká rẹ fún un. Ṣùgbọ́n tó o bá dé ìdí kànga, fo orúkọ mi. Ó ṣì gbà pé èèyàn dáadáa ni ìyá òun.

Èmi ni,
Ṣadé rẹ