Ìtàn ló kùnà, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí Final Fantasy: The Spirits Within, fíìmù tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, èyí tí Hironobu Sakaguchi, ẹni tó dá eré kọ̀ǹpútà Final Fantasy sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1987, darí, tó sì jáde lọ́dún 2001. Ohun tí àwọn ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ ni àdánù: owó tí wọ́n ná lé ní mílíọ̀nù 130 dọ́là, èyí tó pa wọlé kò tó mílíọ̀nù 90, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní Honolulu sì kógbá wọlé.

Ó dùn mí pé àdánù yìí bo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán náà mọ́lẹ̀. Ẹ wo orí Aki Ross, akọni obìnrin inú ìtàn náà: irun bí 60,000 ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ní láti ṣírò bí wọn yóò ṣe máa mì nígbàkígbà tó bá yíjú padà.

Lójú tèmi, ìtàn ló kùnà. Idán, kírísítálì àti chocobo, ẹyẹ ńlá tí àwọn akọni ń gùn bí ẹṣin, ni àwọn olólùfẹ́ eré náà mọ̀; ìlú tó ti dahoro lọ́dún 2065 ni wọ́n bá ní sinimá. Nígbà tí Advent Children, fíìmù Final Fantasy mìíràn, jáde lọ́dún 2005, tó sì tẹ̀ síwájú nínú ìtàn Cloud, akọni eré Final Fantasy VII, tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà á.

Mo bẹ àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù nínú ìwé ìròyìn yín pé kí wọ́n máa ya ìdájọ́ ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti iṣẹ́ ọwọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.