Ìjà Ẹlẹ́ẹ̀kejì La Fi Ń Mọ Ọ̀gá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àtòjọ tí ẹ ṣe nípa àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò hẹ́fíwéètì (àwọn tó wúwo jù) tó pegedé jù láyé ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹ fi Rocky Marciano ṣíwájú torí pé ó ja ìjà 49 láìfìdí rẹmi, ẹ fi Mike Tyson tẹ̀lé e torí pé kì í jẹ́ kí ìjà pẹ́, Muhammad Ali wá di ẹ̀kẹta torí pé ó pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìjà bí ẹni ka owó lè fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iye tó wà nínú ìwé kì í sọ ẹni tí wọ́n lù, ọjọ́ orí onítọ̀hún lọ́jọ́ náà, tàbí bí ìjà ṣe rí.

Àtúnjà ni òṣùwọ̀n tó dá mi lójú jù. Bí wọ́n bá na abẹ̀ṣẹ́ kan, tàbí tó jẹ́ pé eku káká ló fi borí, kí ló ṣe nígbà tí òun àti ẹni náà tún pàdé? Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú Joe Louis. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 1936, Max Schmeling ọmọ Jámánì lù ú dákú ní ráúńdì 12. Kì í ṣe pé orí bá a ṣe é. Schmeling ti wo fíìmù ìjà Louis, ó sì rí i pé bí Louis bá ti ju jáàbù òsì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ títọ́ tí ọwọ́ iwájú ń jù, tán, ọwọ́ yẹn kì í padà sí ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tó ti jáde, ńṣe ló máa ń já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àyà. Láàárín ìgbà tó wà nísàlẹ̀ àti ìgbà tó máa gòkè, kò sí nǹkan tó bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Iṣẹ́ Schmeling kò wá ju pé kó fara sẹ́yìn díẹ̀ kí jáàbù má kàn án, kó sì gba òkè apá yẹn ju ọwọ́ ọ̀tún. Ráúńdì kẹrin ló kọ́kọ́ fi gbé Louis ṣubú. Ẹ̀ṣẹ́ kan náà ló fi parí iṣẹ́.

Louis gba bẹ́líìtì, àmì ọ̀gá àgbáyé, lọ́wọ́ James Braddock ní 1937, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má tíì pe òun ní ọ̀gá àfi tí òun bá lu Schmeling. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1938, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 4 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹ wo ọwọ́ òsì rẹ̀ nínú fíìmù ọjọ́ náà: kò jù ú kó wá fi í sílẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ó sún mọ́ ọkùnrin náà dé ibi tí ọwọ́ ọ̀tún Schmeling kò ti ní àyè láti na, ó wá ń ju ẹ̀ṣẹ́ kúkúrú kúkúrú, ọ̀kan lé ọ̀kan. Èyí tó gbá Schmeling lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó fẹ́ yí ara padà níbi okùn ṣe eegun ẹ̀yìn rẹ̀ léṣe.

Ìwà Louis nìyẹn látòkèdélẹ̀. Arturo Godoy ọmọ Chile tẹ̀ ba débi pé orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ó sì fi bá Louis lo ráúńdì 15 ní oṣù kejì ọdún 1940. Nígbà tí wọ́n pàdé lóṣù kẹfà ọdún kan náà, ẹ̀ṣẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá gbá àgbọ̀n ni Louis fi ká a mọ́bẹ̀, ìjà sì parí ní ráúńdì kẹjọ. Bákan náà ló ṣe Billy Conn àti Jersey Joe Walcott: ẹlẹ́ẹ̀kíní nira, ẹlẹ́ẹ̀kejì kò pé iye ráúńdì. Ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí gbèjà bẹ́líìtì rẹ̀, wọn kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti Ali yàtọ̀, ibẹ̀ ló sì ti dùn. Ali kì í yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ẹ̀yìn gbọnrangandan ló ń fà á sí, tòun ti ọwọ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá ń ju ẹ̀ṣẹ́ títọ́ kò lè bá a. Ṣùgbọ́n húùkù òsì ń yí gba ẹ̀gbẹ́ wá ni, orí tó ń lọ sẹ́yìn kò sì kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Henry Cooper fi húùkù yẹn gbé e jókòó ní Wembley ní 1963. Eddie Futch, ọ̀kan lára àwọn kóòṣì Joe Frazier, tún rí èyí tó burú jùyẹn lọ: bí Ali bá fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún gbá àgbọ̀n láti ìsàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ní ráúńdì 15, ọjọ́ 8, oṣù kẹta, ọdún 1971, ó sọ ọ́ kalẹ̀, húùkù Frazier sì dé. Ali fẹ̀yìn lélẹ̀, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fún Frazier.

Ali kò fìgbà kankan wo àìsàn yìí sàn. Ohun tó ṣe ní 1974 ni pé ó gba àyè mọ́ Frazier lọ́wọ́: bí Frazier bá ti tẹ̀ ba wọlé, Ali á fi ọwọ́ òsì di ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú, á fà á mọ́ra, húùkù kò sì níbi tó máa gbà yí. Ó yẹ kí rẹfirí bá a wí jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò jiyàn. Síbẹ̀ ọgbọ́n ni. Ní Manila ní 1975, Futch fúnra rẹ̀ ló dá Frazier dúró lẹ́yìn ráúńdì 14 nítorí ojú rẹ̀ tó ti wú dí. Ken Norton fọ́ eegun àgbọ̀n Ali, ó sì borí, ní oṣù kẹta 1973, Ali lù ú padà lóṣù kẹsàn-án. Leon Spinks gba bẹ́líìtì ní oṣù kejì 1978, Ali gbà á padà lóṣù kẹsàn-án bákan náà. Nínú márùn-ún tí ẹ kà sí i lọ́rùn, mẹ́ta ló ti san. Méjì tó kù, Larry Holmes ní 1980 àti Trevor Berbick ní 1981, ìgbà tí ara ti tán ni. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Norton ló jẹ ìjà kẹta ti 1976 tí wọ́n fún Ali, mi ò ní bá a jà. Ọ̀pọ̀ ló rí i bẹ́ẹ̀.

Lennox Lewis ni ẹ fi sí ìkẹjọ, ìkẹta ló sì yẹ ẹ́, lẹ́yìn Louis àti Ali. Kò sí ẹni tó bá a jà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò padà lù. Oliver McCall gbé e ṣánlẹ̀ ní 1994. Emanuel Steward ló kọ́ McCall, Lewis sì lọ gba Steward náà ṣe kóòṣì. Hasim Rahman gbé e ṣánlẹ̀ ní South Africa ní 2001, ibi gíga tí èémí ti ń tètè tán, Lewis kò sì tètè débẹ̀ kí ara rẹ̀ mọ́lé. Nígbà tí wọ́n tún pàdé lóṣù kọkànlá, ó ti fi nǹkan bíi páùn 7 fúyẹ́, ráúńdì kẹrin ni Rahman sì sùn.

Ẹ wá fi òṣùwọ̀n kan náà wo Tyson. Láti 1986 tó ti gba bẹ́líìtì lọ́mọ ogún ọdún, ohun tó dáàbò bò ó ni orí tó ń fì sọ́tùn-ún sósì kó tó ju ẹ̀ṣẹ́. Ó lé Kevin Rooney, kóòṣì tó ń ràn án létí, lọ ní 1988. Orí yẹn sì dúró. Ní Tokyo, ní oṣù kejì 1990, jáàbù Buster Douglas kò kùnà rẹ̀. Ojú wú, àwọn tó wà ní kọ́nà rẹ̀ kò mú irin tútù tí wọ́n fi ń tẹ ojú wíwú dání, ni wọ́n bá rọ omi tútù sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kò tún bá Douglas jà mọ́. Nígbà tí Evander Holyfield lù ú ní 1996, etí ló gé jẹ nínú àtúnjà. Nínú àwọn tó na Tyson, kò sí ọ̀kan tó padà lù. Ìkẹsàn-án, ó pọ̀ tán.

Marciano kò ní gbèsè láti san, òótọ́ ni. Ó borí Walcott àti Ezzard Charles lẹ́ẹ̀mejì méjì. Charles là á nímú ní 1954, Marciano sì parí ìjà ní ráúńdì kẹjọ kí wọ́n tó dá a dúró. Àmọ́ Walcott ti lé lẹ́ni ọdún 38, Louis tó lù ti pé ẹni ọdún 37. Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń to orúkọ kì í wò: nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kúkúrú Marciano gbé Walcott lọ ní ráúńdì 13 ní 1952, Walcott ló ń ṣíwájú nínú ìwé adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá jẹ́ ráúńdì 12 ti òde òní ni, 49 kò ní jẹ́ 49. Louis àti Conn ní 1941 rí bẹ́ẹ̀ náà: Conn ló ń ṣíwájú kí Louis tó gbé e lọ ní ráúńdì 13. Mo fi Marciano sí ìkẹrin.

George Foreman ìkarùn-ún, ọpẹ́lọpẹ́ Frazier tó lù lẹ́ẹ̀mejì àti bẹ́líìtì tó gbà lẹ́ni ọdún 45 ní 1994. Holmes ìkẹfà. Ẹlẹ́ẹ̀keje ni Oleksandr Usyk tó na Tyson Fury lẹ́ẹ̀mejì ní 2024, Anthony Joshua náà lẹ́ẹ̀mejì. Frazier ìkẹjọ. Wladimir Klitschko san ti Lamon Brewster, ṣùgbọ́n Vitali ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a gba gbèsè ọrùn Corrie Sanders àti Ross Puritty, kò sì wọ mẹ́wàá mi.

Ìkẹwàá ni Jack Johnson, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti ṣọ́ra fún iye. Láyé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni òfin kò ti gbà kí wọ́n kéde ẹni tó borí tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣubú. Àwọn oníwèé ìròyìn ló ń dá a fúnra wọn. Ìdí nìyẹn tí iye ìjà rẹ̀ fi ń yàtọ̀ láti ìwé kan sí òmíràn. Ó borí Sam Langford ní 1906, nígbà tí Langford kò wọ̀n ju nǹkan bíi páùn 156. Langford sanra sí i, ó lágbára sí i, ó sì ń béèrè àtúnjà. Johnson di bẹ́líìtì mú láti 1908 títí di 1915, kò sì fún un.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín